Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn: Bàálù Sosoliso 1145 àti òjò Port Harcourt

Ọ̀sán Sátidé ni, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Bàálù Sosoliso tí nọ́ńbà ìrìnàjò rẹ̀ ń jẹ́ 1145 gbéra ní Abuja ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 25, ó forí lé Port Harcourt. Èrò 103 ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ méje. Nínú àwọn èrò yìí, 61 jẹ́ ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit College ní Abuja. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi Kérésì ni, wọ́n ń lọ sílé, àwọn òbí sì ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń retí wọn. Pásítọ̀ Bímbọ́ Odùkọ̀yà ti ìjọ Fountain of Life l'Ékòó náà wà níbẹ̀, obìnrin tí ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá mọ ojú rẹ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya tó máa ń sọ.

Ìrìnàjò kúkúrú ni Abuja sí Port Harcourt, kò tó wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 43 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Lára 110 ènìyàn, méjì péré ló yè é.

Ọdún náà ti burú kó tó dọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, bàálù Bellview tó gbéra l'Ékòó já sí abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gbogbo ènìyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn Port Harcourt jáde, ohun tó gbẹnu tọmọdé tàgbà ni pé bàálù àlòkù ni wọ́n ń kó wọ̀lú. Òótọ́ ni pé bàálù Sosoliso náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní DC-9, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù parí iṣẹ́ wọn, ọjọ́ orí ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí okùnfà, wọn ò sì sọ pé ẹ́ńjìnnì ló daṣẹ́. Àkókò ni wọ́n kọ síbẹ̀: ìgbà tó yẹ kí awakọ̀ sọ pé òun ò bà mọ́, àti ìgbà tó tó sọ ọ́.

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè máa rò ó pé òjò wo ló fẹ́ rọ̀ lóṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti ń sán èèyàn létè. Port Harcourt ò rí bẹ́ẹ̀. Irà àti omi ló yí i ká, òkun ò sì jìnnà. Kò sí oṣù tí òjò ò lè yọjú níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ooru wà ní 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, atẹ́gùn ilẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ooru bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rinrin tó kún inú afẹ́fẹ́, ni òjò oníjì fi ń ṣara rindin.

Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 41, awakọ̀ kàn sí àwọn olùdarí bàálù ní Port Harcourt. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n kà fún un dára lójú: èèyàn lè ríran dé kìlómítà 12, òjò ò rọ̀. Àwọn nǹkan méjì kan wà nísàlẹ̀ ìròyìn náà tó yẹ kéèyàn fetí sí. Ìkùukùu tó ń bí àrá wà, kò pọ̀, láti ìhà àríwá lọ dé gúúsù-ìlà-oòrùn. Wọ́n sì sọ pé ìjì àrá lè dé fún ìgbà díẹ̀. Awakọ̀ ní òun gbọ́.

Ní aago méjì géérégé, awakọ̀ tún bèèrè: ṣé òjò ń rọ̀ ní pápákọ̀ yín? Ìbéèrè yìí ló máa ń dá mi dúró nínú ìwé ìwádìí náà. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò sí òjò. Ẹni tó bá tún ń bèèrè, ó ti rí nǹkan níwájú tí ọkàn rẹ̀ ò gbà. Olùdarí dá a lóhùn pé rárá, òjò ò rọ̀, pé ìkùukùu àrá wà káàkiri lóòótọ́. Irọ́ kọ́ ni olùdarí náà pa. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nígbà yẹn ló wí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, awakọ̀ sọ pé òun ti dé orí ìlà tó lọ tààrà sí rọ́nwéè 21, pé ó ku máìlì mẹ́jọ. Ní báyìí, àwọn tó wà nílé ìṣọ́ ti ń fi ojú ara wọn rí òjò tó ń bọ̀ ní apá ibi tí bàálù fẹ́ gbà wọlé. Wọ́n sọ fún un. Ó ní òun gbọ́. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n fún un láṣẹ kó máa bọ̀ wá balẹ̀, ṣùgbọ́n kó rọra, nítorí ilẹ̀ rọ́nwéè ti tutù díẹ̀. Ó tún ní òun gbọ́. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bàálù lu ilẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún: láti orí "òjò ò rọ̀" dé orí "ilẹ̀ ti tutù díẹ̀". Ìjì àrá kì í dúró de ẹni tó ń ka ìròyìn rẹ̀. Àwọn tó wà nílé ìṣọ́ náà ò sì lè pàṣẹ fún awakọ̀ pé ojú ọjọ́ burú, má bà. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa sọ. Ìpinnu di tẹni tó di ọkọ̀ mú.

Rédíò méjì tí wọ́n gbé sẹ́bàá rọ́nwéè, tí wọ́n ń pè ní ILS, ni awakọ̀ ń tọ̀ bọ̀. Ọ̀kan ń sọ fún un bóyá ó ti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì; èkejì ń sọ bóyá ó ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Bí ìkùukùu bo gbogbo fèrèsé, abẹ́rẹ́ méjì tó ń mì lójú díńgí náà ṣì lè mú ọkọ̀ wálẹ̀ dé ibì kan. Kò lè mú un délẹ̀ tán. Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní decision altitude, tí wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé fún rọ́nwéè kọ̀ọ̀kan. Ti Port Harcourt lọ́jọ́ náà lé díẹ̀ ní 300 ẹsẹ̀ bàtà tí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Nígbà tí a bá yọ gíga ilẹ̀ Omagwa, níbi tí pápákọ̀ náà wà, kúrò, ohun tó kù lábẹ́ ọkọ̀ lé díẹ̀ ní 200. Cocoa House ti Ìbàdàn ga ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé gíga yìí, ẹni tó ń wo ẹ̀rọ á pariwo ọ̀rọ̀ kan: "Minimums." Ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn méjì ló sì wà. Bó bá rí rọ́nwéè tàbí iná rẹ̀, ó ń balẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá rí i, go-around: kó má balẹ̀ mọ́, kó gbé ọkọ̀ padà sókè. Wọn ò fàyè gba kéèyàn ní òun fẹ́ wò ó díẹ̀ sí i, nítorí bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní 700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe sábà máa ń rí nírú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, máa jẹ 100 ẹsẹ̀ bàtà kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án tó pé.

Díẹ̀ sí i yẹn ni wọ́n wò. Ìwé ìwádìí sọ ọ́ láìfi bò: okùnfà ìjàm̀bá náà ni pé awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ lẹ́yìn ibi ìpinnu láìrí rọ́nwéè, láìrí pápákọ̀. Ó ti jẹ nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà kọjá ibẹ̀ kó tó ké go-around. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú go-around ọ̀hún náà ò sì bá ìlànà mu.

Nínú iṣẹ́ awakọ̀, go-around kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjayà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é kárí ayé, ẹlòmíràn ṣe é nítorí pé bàálù iwájú ò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Awakọ̀ á ti agbára ẹ́ńjìnnì síwájú dé òpin, á gbé imú ọkọ̀ sókè, á ká pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ díẹ̀, ó sì di ìgbà tó bá rí i dájú pé ọkọ̀ ń gòkè kó tó ká táyà sínú. Létòletò ni. Ẹ́ńjìnnì irú DC-9 yẹn kì í ta kìjí lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó dé, ọkọ̀ á sì máa lọ sílẹ̀ títí dìgbà náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 200 ẹsẹ̀ bàtà ní àyè fún ìṣẹ́jú-àáyá wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 100 ò fi bẹ́ẹ̀ ní in, pàápàá bí atẹ́gùn bá tún ń bá a ṣọ̀tẹ̀.

Atẹ́gùn ọjọ́ náà sì ń ṣọ̀tẹ̀. Àwọn olùwádìí rí àmì wind shear lójú ọ̀nà tí bàálù gbà wọlé. Bó ṣe máa ń rí rèé: òtútù àti òjò inú ìkùukùu á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi korobá sórí sìmẹ́ńtì, á sì fọ́n ká síhà gbogbo. Bàálù tó bá ń wọ inú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá atẹ́gùn tó ń kọjú sí i pàdé. Ìyẹ́ rẹ̀ á gbé e sókè, awakọ̀ á rò pé agbára ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Kò ní pẹ́ tí atẹ́gùn á máa tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn á yí sẹ́yìn ọkọ̀, eré tó ń gbé ìyẹ́ dúró á sì fò lọ. Gbogbo rẹ̀ lè má tó ìṣẹ́jú kan.

Irú rẹ̀ ló ṣe bàálù Delta 191 ní Dallas ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1985. Àwọn awakọ̀ rí mọ̀nàmọ́ná níwájú wọn, wọ́n sì wọ inú òjò náà nítorí pé rọ́nwéè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn 137 ló kú, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú mọ́tò tirẹ̀ lójú títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí bàálù ńlá máa gbé ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ wind shear. Ní Charlotte ní ọdún 1994, awakọ̀ USAir 1016 ké go-around nínú òjò, ó sì ti ń gòkè kó tó di pé atẹ́gùn yí padà, tí imú ọkọ̀ tún dojú kọlẹ̀. Ènìyàn 37 ṣòfò. Mo mú méjèèjì wá síbí nítorí àwọn tó ń sọ pé àìmọ̀kan àwọn awakọ̀ Nàìjíríà ló fa ti Port Harcourt. Awakọ̀ tó ti fò fún ọgbọ̀n ọdún náà máa ń tàn ara rẹ̀ jẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ti sún mọ́, tó sì dà bíi pé rọ́nwéè á yọ láìpẹ́.

Awakọ̀ ló kọjá ibi tó yẹ kó ti yí padà, ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀ de e.

Iná rọ́nwéè ò tàn. Ọ̀sán ni, àwọn kan á bi í pé kí ni iná fẹ́ ṣe lọ́sàn-án. Nínú òjò tó nípọn bí aṣọ, iná funfun tó tò síwájú rọ́nwéè ni ojú awakọ̀ kọ́kọ́ máa ń rí, kó tó rí ọ̀dà rárá. Àwọn olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìtàn iná náà lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí rọ́nwéè. Ká ní iná tàn ni, bóyá á ti rí i ní 300, á sì balẹ̀. Tàbí kí iná tàn, kó má rí i síbẹ̀, kó sì mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan tó kù tóun ń retí. Ọ̀nà méjèèjì ló sàn ju kéèyàn máa wá rọ́nwéè nínú òkùnkùn òjò.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà náà tún wà ńlẹ̀. Bàálù ò já lulẹ̀ lórí rọ́nwéè. Orí koríko tó wà láàárín rọ́nwéè àti ọ̀nà tí bàálù ń gbà lọ síbi ìgúnlẹ̀ ló bà sí, ní apá òsì, nǹkan bí mítà 70 sí etí rọ́nwéè. Orí koríko! Bàálù tí ó bá fi ikùn wọ́ lórí koríko tútù lè fọ́ lápá kan, kí ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ sì jáde láàyè. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ́ jìnnà, bíi mítà 60, tí ìdí rẹ̀ fi gbá gọ́tà kọnkéré tí wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu nínú pápá. Ibẹ̀ ló ti fọ́ wẹ́wẹ́, ibẹ̀ náà ni iná ti sọ. Ìwé ìwádìí kò fi ti gọ́tà pamọ́. Ó kà á mọ́ ohun tó dá kún ìjàm̀bá náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn yìí, "awakọ̀ ṣàṣìṣe" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹni tó gbẹ́ gọ́tà tí kò dé e kì í sí nínú ìtàn wọn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni epo. Nígbà tí bàálù náà kúrò ní Abuja, epo tó lè gbé e fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40 ló wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 43 ló lò. Ó ku epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Wọ́n lè yí lókè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òjò náà kọjá, wọ́n lè lọ sí Owerri tí kò jìnnà, wọ́n lè lọ Calabar tàbí Enugu, kódà wọ́n lè padà sí Abuja, kí epo sì ṣẹ́kù. Ohunkóhun ò lé wọn.

Àwọn 103 kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ènìyàn méje lọ sílé ìwòsàn, márùn-ún nínú wọn ò sì pẹ́ kú. Ní ọjọ́ kejì ni Pásítọ̀ Bímbọ́ dákẹ́. Lára àwọn ọmọ Loyola 61, ọ̀kan ṣoṣo ló kù: Kechi Okwuchi, ọmọ ọdún 16 nígbà náà, tí iná jó lára gidigidi. Wọ́n gbé e lọ sí Johannesburg, lẹ́yìn náà sí Texas, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2017, ó kọrin dé ìpele àṣekágbá nínú America's Got Talent. Obìnrin kan ni ẹnì kejì tó yè. Ní ọdún 2013, àwọn Jesuit ṣí ilé ìwé kan sí Aluu ní ẹ̀gbẹ́ Port Harcourt ní ìrántí àwọn ọmọ 60 náà, Jesuit Memorial College.

Ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Sosoliso. Wọ́n ti pápákọ̀ Port Harcourt pa ní ọdún 2006 fún àtúnṣe, ó di ìparí 2007 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún 2006 náà ni òfin tuntun dé tó fún NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, lómìnira. Ìjì àrá ò dúró de kí gbogbo ìyẹn parí: ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Abuja nínú ojú ọjọ́ tó ti burú, ó ń lọ sí Sokoto, atẹ́gùn kan náà sì mú un balẹ̀. Ènìyàn 96 kú nínú 105, Sultan Muhammadu Maccido sì wà lára wọn. Òjò tí ìbá kọjá bí wọ́n bá dúró díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ wind shear sí àwọn pápákọ̀ wa.

Lónìí, bí òjò oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún bá dé l'Ékòó, bàálù tó ń yí padà láìbalẹ̀ kì í wọ́n. Nínú ọkọ̀, ariwo "Jésù!" á kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí ara bá ti balẹ̀ tán, èébú á bẹ̀rẹ̀: awakọ̀ ò mọṣẹ́, wọ́n ń fi àkókò àwọn ṣòfò, àwọn ní ìpàdé l'Abuja. Àwọn èèyàn tó ń bú u yìí ò mọ̀ pé ohun tí àwọn èrò Sosoliso ò rí ní Port Harcourt ni awakọ̀ ń ṣe fún wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú sókè lójijì nígbà tí òrùlé ilé ti hàn nísàlẹ̀, tí imú ọkọ̀ tún ń lọ sókè, tí ẹ sì gbọ́ kìì tí táyà ń wọnú, go-around ni. Ẹ fi bẹ́líìtì síbi tó wà. Awakọ̀ lè má bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ń ka ìwé ètò, wọ́n sì ń bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá wá kéde pé Ìlọrin tàbí Accra lẹ ti máa sọ̀ kí òjò tó dá, ẹ pe àwọn ará ilé yín tí ẹ bá délẹ̀, kí wọ́n má máa dúró de yín ní pápákọ̀.